Ọjọ́ Tí Wálé Họ́kì Wá Dágbére

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ṣì lè fẹsẹ̀ rìn láti Sapele Road dé Ogbe láì dúró mí kanlẹ̀… Tóbi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Osas, ìwọ náà. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pariwo. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ họ́kì yín ń lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kò lọ, wọ́n á fi ẹni méjì pààrọ̀ rẹ̀, rárá o, ẹnì kan ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí mi ò tíì di. Mo sì gbọ́ ohun tí o kọ sínú gúrúùpù yín orí fóònù, Tóbi, torí o kà á sókè fún àbúrò rẹ, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. "She be traitor." Ọ̀dàlẹ̀ lo pè é. Ọmọ tí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ọdún tó kọjá.

Ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi dá mi lóhùn, kò burú. Ẹ ṣáà gbọ́.

Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn họ́kì nínú ilé yìí? Ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà nígbà yẹn, akọ̀wé ni mí, Bẹ́ńdẹ̀lì ni wọ́n ṣì ń pe ìpínlẹ̀ wa. Tó bá ti di Sátidé, pápá ni. Orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń gbá a, tí eruku rẹ̀ á wọ inú imú rẹ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè. Kò sí pé ẹnì kan ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí o kò bá lọ, o ò rí i nìyẹn. Abẹ́ igi fúrúùtù kan báyìí là ń jókòó sí, èmi àti Osagie. Ọkùnrin ará Bìní ni Osagie, mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì wa. Ó ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí ìròyìn kan nílùú yìí tí kì í kọ́kọ́ gba etí Osagie kọjá. "Oga, I get gist," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á wá fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi.

Wálé sì ni ọmọ tó ń gbá iwájú fún wa. Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn mọ igi họ́kì í lò. Ará Ìkìrun ni, ìlú tèmi náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Bìní, ilé wa níhìn-ín ló gbé fún oṣù mẹ́ta gbáko, inú yàrá tí Tóbi ń sùn sí yìí náà ni. Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí. Ìyá yín àgbà ló ń bá a rán sókí tó bá ya. Nígbà tí wọ́n lọ gbá họ́kì ní Kánò, sálúbàtà aláwọ pupa kan ló rà bọ̀ wá fún mi. Ìdí rẹ̀ nípọn, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dún tí mo bá ń rìn. N kì í wọ òmíràn mọ́. Ẹ má gbàgbé sálúbàtà yẹn.

Ọmọ náà sì mọ ènìyàn kí. Kò sí ibi tí kò ti lè dọ̀bálẹ̀. Lórí Sapele Road, níwájú gbogbo ayé, pẹ̀lú aṣọ funfun, yóò nà gbalaja nínú eruku. "Ẹ kú àtàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá." Àwọn ará Bìní á máa wò wá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Inú mi á dùn, n kò ní purọ́. Ní àjò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá tó bí ọ, tí ọmọ kan bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ báyẹn, o mọ̀ pé o ṣì jẹ́ ènìyàn.

Ó wá di ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti mú. Osagie dé. "Oga, I get gist. Your brother dey go Ibadan."

Mo ní, ta ni?

Ó ní Wálé ni. Ó ní òun fojú ara òun rí àpòòwé tó ti Ìbàdàn wá, orúkọ Wálé ló wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ gbàǹgbà lórí rẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ họ́kì Ìbàdàn fẹ́ gbà á, wọ́n á sì fi ẹni méjì dí àlàfo rẹ̀ fún wa, aṣọ́lé wọn àti ọkùnrin gíga kan tó ń gbá ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ń sọ pé gúrúùpù yín ń pariwo. Ẹ ò rí abẹ́ igi fúrúùtù yẹn. Ẹnì kan ní wọ́n ti ṣètò ilé fún Wálé ní Ìbàdàn. Èkejì ní ìyàwó ló fẹ́ lọ fẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ fún wa yẹn ò wúlò, ẹnì kan ní wọ́n sàn ju Wálé lọ. A ò tíì rí wọn rí o. Wọ́n sì ń rí Wálé ní gáréèjì. Ó ń wọkọ̀ Ìbàdàn lọ́jọ́ Alámìísì, ó ń dé ní Sátidé, tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ká rò?

Ó wá ku ti orí pápá. Bọ́ọ̀lù tí Wálé lè dijú gbá ni yóò kọjá níwájú rẹ̀ báyìí, yóò gbé igi sókè, yóò gbá afẹ́fẹ́. Ọjọ́ kan, ilé ṣófo níwájú rẹ̀, aṣọ́lé ti ṣubú, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń wá bọ́ọ̀lù náà. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, títí ẹlòmíràn fi gbé e lọ. Gbogbo pápá hó lé e lórí. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ọkàn rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn. Èmi náà dìde dúró. Mo pè é ní orúkọ kan tí n kò ní pè níwájú yín.

O fẹ́ bi mí pé, kí ló dé tí ẹ ò bi í, àbí? Mo rí i lójú rẹ. Ìyá yín àgbà ti bi mí ṣáájú rẹ. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣebí ilé yìí lọmọ yìí ti ń jẹun. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í." Mo ní èmi àgbà ni mo máa lọ bi ọmọdé? Òun ló yẹ kó wá wí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa ṣe àgbà lọ." Bí obìnrin yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, jẹ́jẹ́, kò ní pariwo.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá… ọ̀sán ni. Mo ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, lórí Sapele Road, ọkọ̀ ń kọjá, ariwo gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mo rí Wálé tó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ń retí kó nà sílẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ wà lójú mi, ó sì kọjá lọ. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Ẹ̀yin ń kí mi ní "Hi, Grandpa", ẹ mú bisikíìtì lọ́wọ́, mo ti gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkìrun, kó kọjá lára àgbà láì kí i? Lójú tiwa, kò sí èébú tó tó o. N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ó ti parí, òótọ́ ni Osagie sọ, ọmọ yìí ti lọ tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè ni, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sínú yàrá lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Wálé níta. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa ọmọ Ìkìrun tó wà nílùú yìí. Kò sí èyí tó máa rìnrìn àjò tó jìn tí kò ní wá bá mi. Yóò kúnlẹ̀, tàbí kó dọ̀bálẹ̀, màá gbọ́wọ́ lé e lórí, màá wúre fún un. Bàbá rẹ̀ ni mo dúró fún. Nítorí náà mo mọ ohun tó bá wá. Mo sì sọ fún ìyá yín àgbà pé kó lọ sọ fún un pé mo jáde.

Ó wò mí. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ. Mo ń gbọ́ wọn. Wálé ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo wá dágbére. Àdúrà wọn ni mo wá gbà." Nígbà tí ìyá yín àgbà wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn. Ó ní ẹsẹ̀ Wálé kọ sálúbàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa sálúbàtà náà títí ó fi kan irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáadáa, ó sì lọ. Ó ní, "Ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀ lọ, Bàbá Fúnkẹ́. Ara ọmọ yẹn ò yá."

Mo ní ìtìjú ló ń ṣe é.

Mo fi ara mi pa mọ́ sínú yàrá, mo fi bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹgbẹ́ Ìbàdàn wá bá wa gbá. A ti múra. Èébú tí a ti kó jọ fún Wálé lọ́jọ́ yẹn, tó bá jẹ́ òkúta ni, à bá fi kọ́ ilé. Wọ́n jáde sórí pápá. A wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò rí Wálé. Osagie dìde, ó ní òun ń lọ wádìí. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, kò sọ pé òun ní gist. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Oga, dem no know am o." Àwọn ará Ìbàdàn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní òun wá lọ bá kóòṣì tiwa. Kóòṣì ní ojú Wálé ló ń kú lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ojú ló ń lọ ní Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ló fi àpòòwé ránṣẹ́ sí i. Ó ti padà sílé sí Ìkìrun báyìí. Kóòṣì ní Wálé ló bẹ òun pé kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé Wálé fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ fún Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ná.

N kò wo eré ọjọ́ yẹn parí.

Mo kọ lẹ́tà sí Ìkìrun. Mo tún kọ òmíràn. Ta ló máa kà á fún un? Nígbà tí mo lọ sílé fún Àjíǹde, wọ́n ní ó ti fọ́jú pátápátá, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà. Iléṣà ò jìnnà sí Ìkìrun. N kò lọ. Ojú ń tì mí, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, mo tún ní ó di òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe lọ.

Tóbi, nígbà tí ìyá yín àgbà kú, ìwọ lò ń gbé omi fún àwọn àlejò. O rántí bàbá afọ́jú kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ fà lọ́wọ́ wá? Ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tí ìwọ ní kó má wulẹ̀ bọ́ ọ? Òun ni. Ó gbọ́ ikú, ó wá láti Iléṣà. Èmi wà nínú yàrá. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, onílé," mo sì dáhùn kí n tó jáde. Ó mọ ohùn mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ọkùnrin tó ti hu ewú, ó kọjú sí àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ jáde. Ṣé ẹ ti dé?"

Kò fi bú mi o. Ohùn tó fi ń kí mi lórí Sapele Road náà ló fi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní mo ti dé. Mo fẹ́ wúre tó wá gbà lọ́jọ́ yẹn. N kò rántí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹkún ni mo ń sun.

Nítorí náà… láyé tiwa, a ní láti fẹsẹ̀ rìn dé abẹ́ igi kí a tó lè ba ẹnì kan jẹ́. Ẹ̀yin, orí àga lẹ jókòó sí. Ọmọbìnrin yẹn, mo gbọ́ tí ẹ ní kò gbé fóònù mọ́, tí ẹ ní ó ti jáde kúrò nínú gúrúùpù, ó ti di ti ẹlòmíràn. Bóyá ó ń lọ lóòótọ́. Tó bá ń lọ, kó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ bi í?

Osas, o ní o mọ ilé ìyá rẹ̀, lẹ́bàá ọjà Oliha. Ẹ má pè é lórí fóònù. Ẹ wọ bàtà, ẹ lọ.