Aṣọ Funfun Tí N Kò Fẹ́ Kí Epo Ta Sí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, ó sì ti rẹ̀ mí. Bí kì í bá ṣe ti Sátidé tó ń bọ̀, bóyá ǹ bá má sọ ọ́ rárá.

Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, bàbá àgbà kan tí a ń pè ní Bàbá Bísí ló ń kọ́ mi bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré, ní pápá kan tí kò jìnnà sílé mi. Nígbà ogun abẹ́lé nílé, òun ló kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ọkọ̀ òfuurufú wíwà. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó ń fi ọkọ̀ dárà fún èrò ìwòran: á dojú rẹ̀ dé lójú ọ̀run, á sì tún gbé e dìde. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn: "Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fara pa lọ́wọ́ mi rí."

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí a tó gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀, kó fa epo díẹ̀ sínú ife, kó wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀. Omi máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Epo yẹn máa ń ta síni lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Ní Sọ́ńdè kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Aṣọ funfun ni mo wọ̀, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a fún mi ni. Bàbá rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ ìyàwó! Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ wà ni àbí ìyàwó lo wá gbé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa. Ṣé o ti yẹ epo wò?"

Mo wo ilẹ̀ tó tutù. Mo wo ṣòkòtò mi. Mo ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí aṣọ lásán ni.

A ò tíì ga ju igi lọ tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Bàbá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó darí rẹ̀ kí igi lè kọlu ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kó má bàa kàn mí. Èmi kán lápá. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ fọ́, kò sì sàn mọ́ títí ó fi kú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í wá sọ́dọ̀ mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí imú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Kò sí òórùn epo kankan níbẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, ó ní, "Èmi ni mo gbàgbé láti yẹ epo wò. Ọjọ́ orí ti ń bá mi jà."

Mo gbọ́. Mo dákẹ́.

Láti ìgbà náà, n kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ìyá mi kú ní Ìbàdàn, n kò lọ sin ín. Mo sọ fún àwọn àbúrò mi pé ìwé mi ni kò pé. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Bàbá kú lóṣù tó kọjá. Bísí, ọmọ rẹ̀, ní kí n ka ìtàn ayé bàbá òun níbi ìsìnkú ní Sátidé tó ń bọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní District Heights. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù." Ìlà kan wà nínú ìwé tó kọ fún mi láti kà: "Ọjọ́ orí mú kí wọ́n gbàgbé láti yẹ epo wò, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sì fara pa lọ́wọ́ wọn."

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ òtítọ́, Bísí lè má fẹ́ rí mi sójú mọ́. Bí mo bá kà á bó ṣe wà, ẹnu mi ni n ó fi sin orúkọ Bàbá mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó mi ti lọ aṣọ funfun mìíràn sílẹ̀ fún Sátidé. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé ọwọ́ mi símú. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mò ń gbọ́.