Ìlà Tí Bọ̀ọ̀dá Múfútàù Fà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Mo sún ìlà méjì ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ sì kú. Bọ̀ọ̀dá Múfútàù ni à ń pè wọ́n, ọmọ Ìkirè. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Iṣẹ́ wa ni kí á wá páìpù omi àti wáyà iná tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láti Ìkirè dé Àpòmù. A máa ń gbé ọ̀pá kan dúró. Ẹ̀rọ orí rẹ̀ á bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, á sì sọ ojú ibi tí a wà gan-an sórí fóònù wa, níbi tí ìlà ti ń fà. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ á wọ awò ńlá kan. Á máa rí títì bó ṣe wà, á sì tún rí ìlà lórí rẹ̀: búlúù fún omi, pupa fún iná.

Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ̀rọ tó dá ibẹ̀ mọ̀ dájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Àpòmù, oòrùn mú mi. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo fi ìka fa ìlà tó kù lójú fóònù. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe é. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń yìn mí pé mo yára, wọ́n ní àwọn máa fi mí ṣe olórí ikọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Múfútàù tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn ìlà mi, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọn ò bá páìpù kankan. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, ṣé o débí yìí?"

"Mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló débí àbí ìka ẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú wọn sì yí padà. "Lọ sọ fún ọ̀gá fúnra ẹ. Mo fún ẹ di Jímọ̀. Bó ò bá sọ, màá sọ. Èèyàn lè tipa èyí kú."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbé lọ sílé.

Kí katapílà tó débi iṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díígà gbẹ́ ihò kékeré wò. Bọ̀ọ̀dá Múfútàù kì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbẹ́ ẹ. Wọ́n á ní àwọn ni àgbà, àwọn ni kí ewu kọ́kọ́ bá. Ibi tó kàn, àwọn fúnra wọn ló fa ìlà ibẹ̀, wọn ò lè fura sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo sún ìlà méjèèjì, ti omi sì bọ́ sórí ibi tí wáyà iná ńlá wà gan-an.

Wọ́n wọ awò. Wọ́n ní, "Èyí dáa, èmi ni mo fà á." Wọ́n ṣe Bísímílàhì, wọ́n gbé díígà sókè. Mo wà nítòsí débi pé bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á gbọ́. N ò pè wọ́n.

Ẹ̀rọ ti kọ orúkọ mi àti àkókò tí mo sún ìlà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti bá a. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Múfútàù sọ ní kóòtù pé, "Ó wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹta. Èmi ni mo bu oúnjẹ fún un."

Mo ń rí ìlà pupa lórí sìmẹ́ńtì yàrá ẹ̀wọ̀n yìí láìwọ awò. N kì í lè gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti purọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìtìjú lẹ máa rí, ẹ ò ní pààyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ fún mi pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ti da ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí mo pè nù, ìwé ikú mi sì wà níwájú gómìnà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo béèrè ọjọ́. Wọ́n ní, "Wọn kì í sọ fún wa ṣáájú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà la máa wá pè ẹ́."