Ọmọ Mi Dágbére fún Onílẹ̀

Halelúyà! Ohùn yín kéré. Nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ọmọ mi lábẹ́ igi máńgòrò ìta ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ohùn yín ròkè ju báyìí lọ. Mo ní Halelúyà!

Ẹ ṣeun. Ọlọ́run tí kì í sùn, mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀sí, gbogbo yín lẹ mọ Yẹmí, àbígbẹ̀yìn mi. Òun lẹ ní kí n má rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹnìkan nínú yín sọ ọ́ sí mi lójú: "Màmá Tíṣà, obìnrin wo ló ń tú ẹ́ńjìnnì? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?" Aṣọ funfun ni gbogbo wa wọ̀ lónìí, n kò lè fi àwọ̀ aṣọ júwe onítọ̀hún. Ó mọ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló gbé Yẹmí dé Jámánì. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wàràkàṣì gbà á, ìjọba sì fún un ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún àjèjì tó mọṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ gbé ìwé síwájú rẹ̀: "Fọwọ́ sí i pé o ti yẹ ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò." Yẹmí ní ẹyọ kan péré lòun yẹ̀ wò. Ọ̀gá ní, "Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ ni?" Ẹ̀rọ tó lè gé ọwọ́ ènìyàn! Ọmọ mi kò fọwọ́ sí i. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. "Màámi, iṣẹ́ yẹn ló di ìwé mi mú. Bí ìjọba bá gbọ́ pé mo ti kúrò, wọ́n á dá mi padà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. Àṣìṣe mi nìyẹn. Wòlíì wa, ẹ má bínú sà, ẹ ní ẹ rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, pé kí Yẹmí gbààwẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ tuntun yóò fi dé. Mo gbà. Mo ní kí ọmọ mi panu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Ìdòfin bi mí pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni Àǹtí Yẹmí ń bọ̀ wálé?" Ọmọ mi nìkan ló panu mọ́ o!

Ọjọ́ kẹwàá tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ọyẹ́ mú. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án. Òkè kò sí mọ́, òrùlé àwọn aládùúgbò kò sí mọ́, gbogbo ayé funfun bí omi ògì. Oorun gbé mi, mo sì bá ara mi lóko bàbá mi tó ti kú tipẹ́. Kò sí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ewé iṣu ń mì. Yẹmí jókòó lórí ebè, ó fi ìborùn bojú. Bàbá mi ń bọ̀ láàárín ebè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Kò kí mi. Ó kàn ní, "Ṣé ó ti dágbére fún onílẹ̀?"

Mo jí. Ojú mi kún fómi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ohun tó ń bi mí. Ẹni tó dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó fẹ́ kúrò, yóò lọ bá a pé, "Mo ń lọ." Onílẹ̀ yóò ní, "Ó dáa, dúró kí iṣu rẹ gbó." Ẹni tó bá yọ́ lọ ti pàdánù iṣu. Ọ̀gá oníwàràkàṣì kọ́ ni onílẹ̀. Ìjọba ni.

Mo pe Yẹmí. "Mú ìwé tí wọ́n fún ẹ pọ̀ mọ́ ìwé ìgbélùú. Kà á fún mi dé ìsàlẹ̀."

"Màámi, Wòlíì ní kí n má..."

"Ṣé Wòlíì ló bí ọ ni? Kà á!"

Ó ń kà, ó ń túmọ̀. Ó dé ìdí ìwé. "Màámi, wọ́n ní bí iṣẹ́ bá bọ́, kí èmi fúnra mi sọ fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a kọ́ ọ ni ìbá lé e wálé.

Ó kọ̀wé sí ìjọba lọ́jọ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Obìnrin kan wo ìwé títí, ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún wa. Ìwé rẹ kò tíì kú. Oṣù mẹ́ta la fún ọ láti wá iṣẹ́ mìíràn tó bá ìmọ̀ rẹ mu."

Ẹ gbọ́! Dúró kí iṣu rẹ gbó! Olúwa, o ṣeun, o ṣeun!

Oṣù mẹ́ta náà kò pé tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì fi gbà á. Wọ́n bi í ìdí tó fi kúrò níbi àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá tuntun ní, "Ẹni tí kì í fọwọ́ sí irọ́ là ń wá." Lọ́jọ́ tó pè mí, ọyẹ́ ti ká. Mo rí òkè, ó dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé kò lọ síbì kankan.

Ìwọ tí ọ̀ràn rẹ ṣókùnkùn, gbàdúrà. Kí o sì ka ìwé rẹ dé ìsàlẹ̀. Má yọ́ lọ.

Wòlíì, mo ti dárí jì yín. Díẹ̀. Iṣu mẹ́fà rèé níwájú pẹpẹ, ti Onílẹ̀ gbogbo ayé ni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ ké Halelúyà. Ẹ̀yin abẹ́ máńgòrò, mò ń gbọ́ yín.