Fọ́tò Ilé Alámọ̀

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Shango, bàbá kan na fóònù sí obìnrin tó jókòó tì í.

“Ilé tí ọmọ mi ń gbé ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí.”

“Kai, Bàbá, wọn ò tíì rẹ́ ẹ ni? Igi ló hàn síta yìí, amọ̀ ló wà láàárín.”

“Èmi náà ní kó wá ẹni rẹ́ ẹ. Ó ní ìjọba ò gbà, ilé àtayébáyé ni. Ó wá ní kí n fi fọ́tò ilé alámọ̀ bàbá mi ní Limawa ránṣẹ́.”

“Ẹ fi ránṣẹ́ sí i.”

“Mo ti wó o. Kí n tó wó o gan-an, ojú rẹ̀ ń tì mí, iwájú ilé onísìmẹ́ńtì aládùúgbò wa la ti ń ya gbogbo fọ́tò. Bí aládùúgbò bá ń wá fọ́tò ilé tirẹ̀, kó wá bá mi.”