Ìkéde Òkú Tí Mo Bà Jẹ́

Ẹ̀yin ará Kilbrannagh, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò yìí nínú ilé ìdáná yín, mo mọ̀ pé ìkéde òkú lẹ ń retí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹni tó kú lónìí kò ní sá lọ, wọ́n á kà á fún yín tí mo bá ṣe tán. Malachy Heneghan ni mí, ẹni tó ń ta bíà fún yín nígbà tí ẹ wà láàyè, tó sì ń tẹ́ yín sínú pósí nígbà tí ẹ bá kú. Dókítà ní Galway ti sọ pé èmi náà ò ní pẹ́ wọ pósí. Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá síbí. Irọ́ kan ló gbé mi wá, tí mo fi rédíò yìí kan náà pa ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ju ogún lọ, torí pé olóríkunkun ni mí.

Ẹ̀yin tí orí yín ti hewú rántí Colman Tuohy, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin màlúù wàrà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà fẹ́ wá kọ́lé sórí pápá mi létí adágún, inú mi dùn dé ọ̀run. Owó báńkì ni mo fi ra pápá náà, bí wọn ò bá sì rà á lọ́wọ́ mi, báńkì á gba ilé ọtí mi. Colman dìde ní gbọ̀ngán ìjọ, ó ní, “Kí wọ́n máa bọ̀ o, àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé wọn ò ní da ìdọ̀tí sínú omi tí à ń mu, wọn ò sì ní palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú níbòmíì. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, ṣé a ò ní í mọ ilé rẹ̀ ni?” Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí pé ojú yín wà lára mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Colman ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn màlúù rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Dympna ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti Birmingham, ó wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Malachy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é kó dára. Bàbá mi fẹ́ràn èrò.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Prendergast, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà láti Dublin, wọlé ọtí mi.

Ó ní, “Malachy, Ọjọ́bọ̀ làwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ rẹ. Ṣé Ọjọ́bọ̀ náà lẹ ń sin ọkùnrin yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé àwọn wo ló ń bọ̀. Mo ní gbogbo àdúgbò.

Ó ní, “Tí wọ́n bá rí gbogbo ìlú lẹ́yìn pósí ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀. Scotland ni wọ́n máa gbé owó wọn lọ.”

“Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n jí i dìde?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife rẹ̀ mu tán. “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ, Malachy.”

Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Mi ò ní í gbé e kọ́ ọn lọ́rùn. Èmi ni mo gbé tẹlifóònù, bí mo ṣe máa ń gbé e fún gbogbo òkú, mo pe rédíò yìí, mo sì fi gbólóhùn kan kún ìkéde Colman: pé ìdílé nìkan ni yóò wà níbẹ̀, bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́. Mo sọ bákan náà fún Fáda. Nílé ọ̀fọ̀, ta ló ń tan rédíò? Dympna ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbọ́. Packie Loftus wá bá mi nírọ̀lẹ́, ó ti wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé olókùú. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Kí la fi ṣẹ̀ wọ́n, Malachy? Èmi tí mo ń bá Colman kó koríko ọlọ́dọọdún, èmi ni wọ́n ní kí n má wá?” Mo ní, “Ọ̀fọ̀ ni, Packie, fi wọ́n sílẹ̀.” Mo bu wísikí fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí Packie fura.

Ẹ mọ bó ṣe rí níbí: èrò ìsìnkú la fi ń mọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Àwọn ọmọ Colman bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn, wọ́n wẹ̀yìn títí ọrùn fi ro wọ́n. Àwọn tó máa gbé pósí ò pé, ni Dympna bá ki èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, èmi náà ki tèmi bọ ọ́. Bí a ṣe ń gbé e kọjá ní ẹnu géètì, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà rọra kọjá. Prendergast ló ń wà á. Ó na ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀, bí gbogbo wa ṣe ń kíra wa lójú ọ̀nà. Èmi náà mi orí sí i, pẹ̀lú òkú lórí èjìká mi.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Rárá. Létí sàréè, Dympna dì mí lápá mú. “Ẹ̀gbọ́n Malachy, kí ni bàbá mi ṣe fún wọn?” Mo ṣì lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo ṣì lè sọ pé àṣìṣe ni, kí gbogbo yín sáré wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní, “Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, Dympna. Wọn ò fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà rí wọn níbí.” Gbogbo yín ni mo tà lọ́jọ́ náà, ẹ ò sì mọ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ ṣé. Ẹ̀yin nìkan lèèyàn ní ìlú yìí.” Látìgbà náà, gbogbo Kérésìmesì ló ń yan kéèkì wá fún mi. Mo sì ń jẹ ẹ́. Èèyàn burúkú ni mí, ṣùgbọ́n kéèkì náà dùn.

Òun ò padà sí Birmingham mọ́. Ó jókòó sórí oko bàbá rẹ̀, ó kọ̀yìn sí wa. Ìlú kejì ló ti ń ra búrẹ́dì. Ẹ̀ ń pè é ní agbéraga, òun náà ń pè yín ní ojo. Ilé-iṣẹ́ náà dé, wọ́n kọ orúkọ wọn sáyà jẹ́sì àwọn ọmọ wa, a jó, a yọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ síbi tí owó òṣìṣẹ́ ti kéré, bí Colman ṣe wí gẹ́lẹ́. Títí dòní, a ṣì ń se omi kí a tó mu ún.

Lọ́dún tó kọjá, Concepta ìyàwó mi kú. Ẹ tò nínú òjò láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ yín tutù, mo sì gbádùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn ìlà náà ni Dympna. Ó wo èrò yẹn lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Ẹ̀gbọ́n. Èèyàn laṣọ o.” Ó lọ. Aṣọ tí mo bọ́ lára bàbá rẹ̀ ló ń sọ, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ sílé rẹ̀, mo sọ ọ́ tán. Ó pa iná abẹ́ omi tíì. Ó wá ní, “Ṣé Packie ì bá wá?” Mo ní, “Ó ti wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀.” Ó bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Wọ́n fẹ́ràn bàbá mi. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, mo dẹ̀ ń bá wọn bínú.” Ó nu ojú, ó kọjú sí mi. “Kéèkì mi mélòó lẹ ti jẹ?” Mo ní mi ò kà á. Ó ní, “Ẹ ò ní jẹ òmíì mọ́. Bóyá mo máa dárí jì yín, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tẹ́ ẹ fi tilẹ̀kùn, òun lẹ máa fi ṣí i.”

Mo ti wá ṣí i. Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sáré délé. Ẹ foríjì mí, àgàgà ìwọ Packie, wísikí yẹn kò tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣòwò, kò sóhun tó burú nínú ká wá owó wọ̀lú. Èmi pa ìlú lẹ́nu mọ́ kí owó lè wọlé. Owó náà ti lọ, èmi àti ẹ̀yin aládùúgbò la jọ kù. Ó tó, ẹ jẹ́ kí n ka èyí tí mo wá kà.

Colman Tuohy, ará Kilbrannagh, akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ran wàrà, bàbá Dympna. Ìsìn Máàsì ìrántí rẹ̀ yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú, ní aago méjìlá ọ̀sán. Tíì yóò wà nílé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ti ìdílé nìkan. Bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́ ni pé kí gbogbo yín wá.