Òrí tí mo rọ sínú ẹ̀rọ Múfútáù

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀rọ orin tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ní. Kì í ṣe bíi tiyín tí ẹ ń kì í bọ àpò, tí ẹ ń ki okùn rẹ̀ bọ etí. Ẹ pa tiyín tì ná, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìdí tí Sìdíkátù, ìyá tó bí yín, fi dàgbà sí Ìlobù níbí láìmọ ojú ìyá tiẹ̀. Ó dáa. Èmi ni mo fà á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀… ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù, bàbá ìyá yín, ló gbé giramafóònù wá láti Èkó nígbà Iléyá kan. Àpótí dúdú ni, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí i. Ẹ ó yí i, ẹ ó yí i, títí yóò fi le, ẹ ó wá gbé abẹ́rẹ́ lé orí àwo. Múfútáù máa ń gberin fún àwọn onísákárà kan l'Ékòó, ohùn rẹ̀ sì wà nínú àwo kan. Ohùn elégbè ni o, àmọ́ ìyá wa mọ̀ ọ́n láàárín gbogbo wọn. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!" Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn.

Nígbà tí ibà pa Múfútáù, ohùn yẹn ló kù fún ìyá wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, yóò ní, "Ṣìfáwù, gbé ọmọ mi wá." Èmi ni mo máa ń yí ẹ̀rọ náà. Kì í gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í han kíí, kíí, bí mo bá ń yí i. Kẹ̀kẹ́ bàbá wa máa ń han bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ni wọ́n ń kán sí i. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ́ìlì? Òrí ló wà nílé. Ẹ̀yin ò mọ òrí bíi tiwa. Ọmọ tuntun, òrí. Ẹsẹ̀ tó wú, òrí. Imú tó dí, òrí. Kí ni òrí ò ṣe nígbà náà? Mo yọ́ ọ lórí iná, mo rọ ọ́ sínú ihò tí irin yẹn gbà wọlé. Kò han mọ́. Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lásìkò yẹn, Ràbíátù, ìyàwó Múfútáù, ti jáde opó. Ọmọ Ìfọ́n ni Ràbíátù. Àwọn àgbà ilé ní kí Láṣisì, àbúrò olóògbé, ṣú u lópó, kó má baà di pé ó ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Ọmọ kì í bá ìyá lọ nígbà náà o, ilé bàbá rẹ̀ ló ni ín. Sìdíkátù ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ràbíátù gbà, Láṣisì gbà. Ọjọ́ Àlàmísì kan ni wọ́n fẹnu kò sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ìgbà yẹn, kì í ṣe eléyìí tí ẹ ń rí báyìí. Ètè á bẹ́, ẹ ò ní rí ilé tó wà níwájú yín. Wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, mo gbé ẹ̀rọ síta, mo yí i. Ohùn Múfútáù jáde… ó wúwo, ó ń fà, bí ohùn ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ó fà, ó fà… ó dúró. Pátápátá.

Láṣisì pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó gbé àwo mìíràn sí i. Ó fọwọ́ ti àwo náà, ó yí díẹ̀, ó tún dúró. Kò sí. Ìyá wa ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi ló ń bínú. Àná lẹ fa ìyàwó rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, lónìí ó panu mọ́ sí mi. Kò fẹ́."

Mi ò tíì mọ̀ pé ọyẹ́ ló mú kí òrí dì, àmọ́ ọkàn mi ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní èmi ni mo ba ohùn òkú jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo dákẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí Ràbíátù máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fún mi lọ́kọ mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wà nínú ilé, kí n máa tọ́ ọmọ mi." Ó ń sunkún, ìyá wa náà ń sunkún. Ìyá wa ò kórìíra rẹ̀ o. Ó ní, "Ọkọ rẹ ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi." Ìyá yín di ìró ìyá rẹ̀ mú. Èmi ni wọ́n ní kí n já a kúrò. Èmi náà ni mo já a.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wa ní kí n gbé ẹ̀rọ àti àwo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Ìfọ́n. Ó ní a ti ṣe ohun tí ọmọ òun fẹ́, bóyá yóò gbà kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ wàyí. Mo rù ú. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín nígbà náà. Bàbá náà tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré ha nǹkan funfun jáde, ó gbé e sí imú.

"Òrí nìyí. Ta ló fi sí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọyẹ́ ló jẹ́ kó dì mọ́ irin. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe é." Ó fi karosíìnì fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó yí i. Múfútáù bẹ̀rẹ̀ sí í gberin. "Sọ fún wọn nílé o, kí wọ́n má fi òrí sí i mọ́."

Mo ní mo gbọ́.

Bí mo ṣe ń bọ̀, Ràbíátù rí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó sáré jáde. Kì í pe orúkọ mi. Gbogbo àwa tó bá nílé ọkọ ló fún lórúkọ, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni tèmi.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ kú ìrìn o. Ṣé Sìdí ń jẹun?"

Mo ní ó ń jẹun. Irọ́ ni. Ó wo àpótí tó wà lórí mi.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ló tó dá yín lóhùn. A jẹ́ pé kò fẹ́ mi lóòótọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi… ṣé kò yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀? Ta ló di ẹnu mi mú? Mo ní, "Ìyàwó wa, ó dìgbà o." Mo kọjá lọ.

Nígbà tí ìyá wa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. "Inú rẹ̀ ti rọ̀! Inú rẹ̀ ti rọ̀!" Ta ló tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òrí lẹ́nu mi? Kò pẹ́ sí i ni ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún ru sókè, a ò lè kàn yà sọ́dọ̀ ara wa mọ́. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, Ràbíátù ti bá ọkọ mìíràn lọ sí Òkè Ọya. Ibẹ̀ ló kú sí.

Lónìí, bí fóònù yín bá kú, tí ẹni tó ń tún un ṣe bá bi yín pé kí lẹ ṣe fún un, ẹ ó ní ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo ti ń gbọ́ yín. Ó bọ́ sómi, ẹ ò ní sọ. Ẹ máa sọ ọ́! Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di ti ẹlòmíràn.

Ìyá yín bi mí léèrè nígbà àìsàn tó pa á. Ìyá àgbà, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó ń bi mí bí ọmọdé: "Àǹtí mi, kí ni mo ṣe tí ìyá mi fi fi mí sílẹ̀?" Mo ní, "O ò ṣe nǹkan kan." Ó ń wò mí, ó ń retí kí n máa bọ́rọ̀ lọ. Mo dìde, mo ní mò ń lọ bu omi fún un. Nígbà tí mo padà dé, mo mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.