Ẹ̀rín Tó Tẹ̀lé "Yèsí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yẹ fún àtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé eré lẹ tìtorí ẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn yìí, ṣùgbọ́n kọ́tìnì yìí kò ní í ṣí títí n ó fi sọ òótọ́ tí mo ti gbé mì láti Àjíǹde èṣí. Èmi ni Lydia Ọládayọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yìí náà. Púpọ̀ nínú yín ló mọ ilé wa, ẹ sì ti ń gbọ́ orin lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí mo fi ẹnu kan náà ṣe. Bí inú bá ń bí yín bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó bí yín. Ẹ ṣá má dá mi dúró, torí bí mo bá dúró, n kò mọ̀ bóyá n ó lè tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí eré èṣí. Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer Lánípẹ̀kun, olùkọ́ tó dá ẹgbẹ́ òṣèré wa sílẹ̀, ló mú fíìmù Àlejò Ọ̀sán Gangan tí gbogbo wa ti wò nílé, ó sọ ọ́ di eré orin àti ijó. Eré ẹ̀rín ni, kò ní wàhálà kankan nínú: ìyàwó tuntun kan purọ́ fún ẹbí ọkọ pé ọmọ olówó Èkó ni òun, pé òun ò mọ ọ̀nà oko rí. Ọjọ́ kan ni ìyá ọkọ kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan láìsọ tẹ́lẹ̀, gbogbo irọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Fàdìlàt, ọmọ Irolu, ni Ọ̀gbẹ́ni mú fún ìyàwó. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ gbogbo orin rẹ̀ mọ́ra, kí n lè rọ́pò rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, kí n máa sọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá gbàgbé létí. Ó dùn mí. Mo jù ú lọ dáadáa, mo ti ń kọrin kí wọ́n tó bí i, n kò sì rí ohun tí Ọ̀gbẹ́ni rí lára ọmọ tó ń gun ọ̀kadà wá láti Irolu pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀? Bí inú mi ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn.

Nínú fíìmù, nígbà tí ìyá ọkọ kan ilẹ̀kùn, ìyàwó á fi imú dáhùn bí ọmọ Èkó pé, "Ta ni yẹn?" Bí a ṣe ń ṣe é nínú gbogbo ìgbáradì wa nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ eré, wọ́n kan ilẹ̀kùn, Fàdìlàt ta gìrì, ó sì dáhùn bí ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ṣe ń dáhùn nílé: "Yèsí?" Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, 'ta ni' tiwa ní Rẹ́mọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbọ̀ngàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹ ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹ ń gbá ara yín lẹ́yìn, bàbá kan ju fìlà sókè, ẹnìkan dáhùn látẹ̀yìn pé, "Èmi ni o, ṣílẹ̀kùn!" Màmá kan ò yé pariwo: "Yèsí bí ọmọ yìí? Yèsí bí i?" Ọmọ Èkó tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ọmọ Rẹ́mọ ló wà lábẹ́ ẹ̀, irọ́ ìyàwó ti tú kí ìyá ọkọ tó wọlé. Nínú gbogbo wa níbí, ta ni wọn ò bi ní "Yèsí?" rí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀? Ìfẹ́ lẹ fi rẹ́rìn-ín. Mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì, mo rí ojú yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: mo mọ̀.

Fàdìlàt ni kò mọ̀. Iná orí ìtàgé ń kọ sí i lójú, kò rí ojú ẹnikẹ́ni, ariwo nìkan ló gbọ́. Nígbà tí a sinmi láàárín eré, ó sáré wá bá mi lẹ́yìn, ó ń làágùn. "Àǹtí Lydia, kí ni mo ṣe? Kí ló dé tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?" Ká ní mo kàn sọ ohun tí mo rí ni, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ?" Òótọ́, ẹ gbọ́ mi! Ẹnu mi ò tiẹ̀ wúwo. Mo ní, "Ẹnu rẹ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló lọ mú ará oko wá láti Irolu. Ojú ń ti Ọ̀gbẹ́ni náà, kò kàn fẹ́ sọ fún ọ ni." Ó wá bi mí pé, "Ṣé bí màmá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kò dáa?" Mo ṣì lè yí i padà níbẹ̀ yẹn. Mo rí i pé mo lè yí i padà. Mo ní, "Màmá rẹ ló bà ọ́ lẹ́nu jẹ́." Ó yọ yẹtí ìyàwó kúrò létí rẹ̀, ó kó o sí mi lọ́wọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó gun ọ̀kadà lọ. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni pé inú ló ń run ún. Yẹtí náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fi sétí.

Ẹ rí mi ní apá kejì eré. Mo kọrin, ohùn mi ò já. Nígbà tí ìyá ọkọ tún padà wá kan ilẹ̀kùn, mo fi imú dáhùn dáadáa pé, "Ta ni yẹn?" Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà lẹ bẹ̀rẹ̀: "Yèsí! Yèsí! Ọmọ wa dà?" Ẹ ò bú mi, ọmọ yín lẹ kàn ń bèèrè. Mo rẹ́rìn-ín sí yín, mo sì kórìíra yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bóyá ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá o. Lẹ́yìn eré, Ọ̀gbẹ́ni ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n fi fóònù mi gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ lè mọ bí eré ṣe rí lára yín. Ọmọ kan ṣoṣo lẹ ń bèèrè. Bàbá Sàláwù, tó ń ta obì ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, fi ọwọ́ nu ojú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bá mi sọ fún ọmọ yẹn. Bí ìyàwó mi ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn tí mo bá ti ọjà dé. Látìgbà tá a ti sin ín, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín lónìí títí mo fi sunkún. Sọ fún un pé kó má jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀." Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá, mo máa sọ fún un." Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo tún un gbọ́, mo sì pa á rẹ́. Gbogbo ibi tí ẹ ti bèèrè Fàdìlàt ni mo pa rẹ́. Àwọn tó yin aṣọ àti ijó nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni. Fàdìlàt kò gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́, Ọ̀gbẹ́ni wá bi mí bóyá mo ti jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo ní ó ti gbọ́, pé ó ní òun ò ṣeré mọ́. Bàbá Sàláwù fi ayé sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ohùn wọn ti lọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà sínú fóònù mi.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ẹ ní àfi ká tún eré yìí ṣe, Ọ̀gbẹ́ni rán mi sí Irolu kí n lọ bẹ Fàdìlàt, ó rò pé ọ̀rẹ́ ni wá. Mo lọ, kí n lè padà wá sọ pé ó kọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà nínú ilé: "Yè..." Ó gé e. Ó wá fara balẹ̀ sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tó ń kàwé fún olùkọ́: "Ta... ni?" Màmá Sàdíátù, ìyá ìyá Fàdìlàt, fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n pọn ọmọ Fàdìlàt sẹ́yìn, ọmọ tó ṣì jẹ́ ìkókó nígbà eré èṣí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ báyìí. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi, èdè yín ò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu." Mo bi wọ́n pé ṣé Fàdìlàt ló ní kí wọ́n máa dáhùn báyìí. Wọ́n ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mo bá ara mi sọ ọ́. Ẹnu mi ló dójú tì í lójú gbogbo Ìkẹ́nnẹ́. N ò fẹ́ kó ran ọmọ yìí náà." Nítorí náà, wọn kì í bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́ tó bó ṣe yẹ. Wọ́n kàn ń pọ̀n ọ́n kiri ilé, wọ́n á dákẹ́. Màmá tí gbogbo Irolu mọ̀ pé wọn kì í dákẹ́!

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, torí ìtìjú ò jẹ́ kí n lè dúró. Fàdìlàt gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn méjèèjì bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Fàdìlàt wò mí títí, ó ní, "Àǹtí Lydia, ẹ má bẹ̀ mí nínú ilé. Ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́." Mo ní mo máa sọ ọ́. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ níta, kí n má ba eré jẹ́. Mo kọ̀. Ẹ̀yin ni mo parọ́ mọ́. Mo gba ẹ̀rín yín, mo sọ ọ́ di èébú, mo fi lé ọmọ yín lọ́wọ́. Àwọn ẹbí mi náà ní kí n ro ti orúkọ ilé. Orúkọ ilé wa á ní sùúrù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì, tí ẹnìkan bá ti orí ìtàgé sọ̀ kalẹ̀ tó bi yín pé báwo ni wọ́n ṣe gbà á, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un. Kò le rárá. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Màmá Sàdíátù ló jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ẹ dárí jì mí, màmá. Ẹnu yín ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ẹnu tèmi ló ṣe é. Fàdìlàt ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó eré tí a gbé síwájú kọ́tìnì yìí, yẹtí rẹ̀ ti padà sétí rẹ̀. Kò ṣe ìlérí kankan fún mi. Ó ní òun máa dúró síbẹ̀, pé bóyá òun máa dáhùn, òun náà ò tíì mọ̀. Bí kò bá dáhùn, kò sí eré lónìí, torí n kò ní rọ́pò rẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ má bínú sí i, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Màmá, bí Fàdìlàt ò bá dá mi lóhùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹ dá mi lóhùn, bí ẹ ṣe máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀.